Ẹ Gbọ́ Tẹnu Oníṣẹ́ Ọnà Kí Ẹ Tó Dá A Lẹ́bi

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ fi lọ ẹ̀yin òǹkàwé wa níti àwọn oníṣẹ́ ọnà òde òní, ìbáà ṣe ayàwòrán, agbẹ́gilére tàbí òṣèré, tí iṣẹ́ wọn a máa bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú. Bí wọ́n bá ti gbé nǹkan jáde, ẹlòmíràn a ní ìwà ìbàjẹ́ ni. Ẹlòmíràn a ní kí a lọ pe ọlọ́pàá. Àwa kò wí pé gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe ni ó dára. Ohun tí a ń wí ni pé kí a kọ́kọ́ bèèrè ohun tí iṣẹ́ náà ń sọ.

Èyí kì í ṣe àṣà àjèjì. Ìlú wo ni ó tún mọ̀ ọ́n ju Ìbàdàn lọ? Lọ́dọọdún, ní oṣù Kẹta, nígbà ọdún Òkèbàdàn, tọmọdé tàgbà a máa kọrin èébú kiri, láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, títí dé Bẹyẹrúnkà. Wọn a bú olówó, wọn a bú ìjòyè, wọn a sì fi ohun tí a kì í dárúkọ ní gbangba ṣe ẹ̀fẹ̀. Ẹni tí a bú kò gbọdọ̀ bínú. Àwọn bàbá wa mọ̀ pé ó sàn kí òtítọ́ jáde nínú orin ju kí ó jáde nínú ìjà lọ.

Àwọn ìyá wa aládìrẹ pẹ̀lú mọ̀ ọ́n. Ìjọba kọ́ gbọ̀ngàn Mápó sórí òkè ní ọdún 1925 sí 1929, kí gbogbo ìlú lè máa gbé ojú sókè wò ó. Àwọn ìyá wa fi ẹ̀kọ ya òpó rẹ̀ sára aṣọ, wọ́n ya ṣíbí sí àárín òpó méjì méjì, wọ́n pe aṣọ náà ní Ìbàdàndùn, wọ́n sì ró o mọ́ ìdí lọ sí ọjà. Bí ìyìn ni, bí ẹ̀fẹ̀ ni, olúwarẹ̀ ni yóò rò ó.

Ṣùgbọ́n Ìbàdàn yìí kan náà ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn jókòó sí ní ọdún 1964, tí ó fi òfin de ẹgbẹ́ òṣèré Hubert Ògúndé nítorí eré Yorùbá Ronú. Kí ni èrè rẹ̀? Ògúndé kọ eré mìíràn, ó pè é ní Òtítọ́ Korò. Ní ọdún 1965 wàhálà Wẹ́ẹ́tìẹ bẹ́ sílẹ̀, a sun ilé, a sun ènìyàn. Ìjọba ológun ni ó ká òfin náà kúrò ní ọdún 1966. A pa òṣèré lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n ìjà tí ó wà nílẹ̀ kò gbọ́ òfin.

Ǹjẹ́ a ti kọ́gbọ́n bí? Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2016, wọ́n mú Jelili Atiku, ẹni tí ó máa ń múra bí eégún jáde sí ìgboro. Ní Èjìgbò ti Èkó ni ó ti ṣe eré kan tí àkọlé rẹ̀ wí pé ẹyẹ Aragamago yóò gba ilẹ̀ yìí lọ́wọ́ ìpániláyà. Wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ pé ó da àlàáfíà ìlú rú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nígbẹ̀yìn wọ́n fagi lé ẹjọ́ náà.

Iṣẹ́ mìíràn wà tí kò pariwo, síbẹ̀ tí ó bá wa wí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Péjú Alátiṣe ṣe ère ọmọdébìnrin 8 tí wọ́n ní ìyẹ́ apá. Ìtàn Sim, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ni ó fi ṣe é: ọmọ ọ̀dọ̀ ní Èkó, tí ó ń lá àlá pé òun fò lọ sí ibi tí òun ti ní òmìnira. Ní ọdún 2017 a gbé àwọn ère náà lọ sí Venice ní Ítálì, nígbà àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní ibùpàtẹ tirẹ̀ níbi àfihàn ńlá ìlú náà. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ̀yin ìyálé ilé, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: mélòó nínú wa ni kò ní Sim nílé tàbí ní ìsọ̀, tí ó ru igbá ọjà sórí nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà nílé ìwé? Bí inú bá bí wa, ṣé nítorí ère ni, tàbí nítorí ohun tí ère rí?

Òtítọ́ ni pé ẹlòmíràn wà tí kò ní ohun kan í sọ ju pé kí a sáà dárúkọ òun. Ẹ jẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ di ẹrù rẹ̀ padà sílé láìtà. A kì í pe ọlọ́pàá sí ọjà tí kò wù wá. Ńṣe ni a ń kọjá lọ.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò tóbi. Kí a ṣí gbọ̀ngàn Mápó sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan péré lọ́dún, kí àwọn ọmọ wa pàtẹ iṣẹ́ wọn síbẹ̀, kí ará ìlú wò ó, kí wọ́n sì jiyàn lé e lórí. Àwọn àgbà wí pé òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a gbọ́ ọ mọ́ Ìbàdàn.