Ìdánwò Tí Àkọ́sórí Kò Ràn
Ìdánwò àṣefihàn CCIE ti ilé-iṣẹ́ Cisco, tó ti wà láti 1993, kì í ṣe eré ọmọdé. Wákàtí 8 gbáko ni: 3 fún ètò bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò ṣe rí, 5 fún kíkọ́ ọ àti títún un ṣe. Síbẹ̀, ẹ wo àwọn tó ń fowó gidi ra ìdáhùn jíjí! Èmi ò bá wọn dá sí i. Ẹni tó bá fẹ́ yege, kó gbé GNS3, ètò tí a fi ń ṣe àfarawé nẹ́tíwọ́ọ̀kì, sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ (ọ̀fẹ́ ni, NEPA nìkan ni yóò dà á láàmú), kó so ráútà méjì pọ̀ pẹ̀lú OSPF (ìlànà tí ráútà fi ń fi ọ̀nà han ara wọn), kó wá mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́. Kó sọ MTU (ìwọ̀n ẹrù dátà tó tóbi jù tí ráútà lè fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan) ọ̀kan di 1400, kó fi èkejì sílẹ̀ ní 1500. Ping á máa lọ, á máa bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n àwọn ráútà náà ò ní gba ara wọn tán. Ìpele EXSTART tàbí EXCHANGE ni wọ́n á há sí. Ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí á pààrọ̀ àdírẹ́sì, á tún un pààrọ̀, á tú gbogbo iṣẹ́ palẹ̀, aago ò sì ní dúró dè é. Ẹni tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ dá wàhálà yẹn sílẹ̀ rí á kàn rí ọ̀rọ̀ EXSTART tàbí EXCHANGE yẹn, á tún MTU ṣe, á bọ́ sórí ìbéèrè mìíràn. Ilé-ẹ̀kọ́ tó wá ń gba owó tabua lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ láìjẹ́ kó ba nǹkan kan jẹ́, kí ló ń kọ́ ọ gan-an?