Ẹ yẹ ẹ̀yìn ṣíbí wò kẹ́ ẹ tó sanwó

Èrè wà nínú ríra ṣíbí, fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ ìjẹun àlòkù ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ẹgbẹ́ aláàánú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti tún un tà. Ṣùgbọ́n lẹ́tà mẹ́rin péré ló ń kó ọ̀pọ̀ oníṣòwò sí gbèsè: EPNS. Wọ́n á rí i lẹ́yìn ṣíbí tó ń dán, wọ́n á ní fàdákà dé, wọ́n á kówó lé e. Fàdákà fẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi bo ara rẹ̀ lásán ni. Bàbà, nickel àti zinc ló wà nínú.

Fàdákà gidi ti England máa ń ní àmì kìnnìún tó ń rìn, tàbí nọ́ńbà 925, ìyẹn ìdá 925 nínú 1,000. Òfin ọdún 1973 kò gbà kí oníṣòwò pe ohun tó bá wúwo ju gíráàmù 7.78 lọ ní fàdákà láìní àmì àyẹ̀wò, àyàfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀.

Ti ọ̀bẹ tún le jù. Irin ni ojú rẹ̀, wọ́n sì sábà máa ń ki nǹkan mìíràn sínú èèkù fàdákà rẹ̀. Ẹni tó bá fi ìwọ̀n ra á, nǹkan tí kì í ṣe fàdákà ló ń sanwó lé.

EPNS kì í ṣe ọjà burúkú o. Kí wọ́n tà á bó ṣe jẹ́, kó pé mẹ́fà mẹ́fà, kí wọ́n má sì fi nǹkan líle bó o.