Ta Ló Ní Àrọ́bá Kò Gbọdọ̀ Wọ̀wé?

Bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni baba ìtàn. Èyí ò lẹ́jọ́ nínú: ohun tí kò ṣojú ẹni, ẹnu ẹni tó ṣojú rẹ̀ la ti ń gbọ́ ọ. Ti ìgbìmọ̀ tó ń ṣe ìwé ìtàn ìjọ kan ní Kúta, lẹ́bàá Ìwó, ló ń bí mi nínú. Wọ́n ní ohun tí kò bá sí nínú ìwé ìpàdé kò gbọdọ̀ wọ̀wé, pé àhesọ lọ̀rọ̀ tí àwọn ìyá àgbà ìjọ ń sọ.

Àwọn tó gbé Bíbélì há abíyá ló ń sọ bẹ́ẹ̀! Nǹkan bí ọdún 30 ni wọ́n kan Jésù mọ́ àgbélébùú. Ìhìn Rere Máàkù, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní òun ló ṣáájú, kò di kíkọ títí di nǹkan bí ọdún 70. Ẹnu ni wọ́n fi ń gbé e kiri. Papias, bíṣọ́ọ̀bù Hierapolis ní ọ̀rúndún kejì, tilẹ̀ ní ohùn alààyè ṣe òun láǹfààní ju ìwé lọ.

Ẹ jẹ́ ká wálé. Ìlú Òwu ni Kúta. Ẹni tó bá sì fẹ́ ka bí ogun ṣe tú Òwu, ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ ni yóò ṣí. Ẹnu àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ àti àgbà bíi Lágúnjú, Tìmì Ẹdẹ, ni Johnson ti gbọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ó parí rẹ̀ ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sáwọn òǹtẹ̀wé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé náà sọnù. Obadiah àbúrò rẹ̀ ló tún un kọ látinú àkọsílẹ̀ tó kù, kó tó jáde ní 1921.

Wọ́n ní ẹnu a máa bu iyọ̀ sọ́rọ̀. Kálàmù ńkọ́? Ìwé ìpàdé wo ló ń kọ ìjà tó tú ìpàdé ká?

Ẹnu kan ṣoṣo ló yẹ ká bẹ̀rù: agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ìjọ àtijọ́ pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 170, òǹkọ̀wé Kristẹni kan, Tatian, lọ́ Ìhìn Rere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ di ẹyọ kan. Wọ́n kà á pẹ́ ní Síríà, títí bíṣọ́ọ̀bù Theodoret fi kó ẹ̀dà tó lé ní 200 kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọ̀rúndún karùn-ún, tó fi mẹ́rin náà rọ́pò. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Mátíù àti Lúùkù kò ka ìran Jésù bákan náà. Ìjọ gba méjèèjì.

Àwọn ìyá àgbà nìkan kò wá tó nìyẹn. Ẹ bi ìdílé tó fún ìjọ nílẹ̀. Ẹ bi àwọn Mùsùlùmí tí ṣọ́ọ̀ṣì bá ládùúgbò, ẹ bi ọmọ ẹni tó bínú kúrò nínú ìjọ. Ibi tí ẹnu wọn kò bá ti kò, ẹ tẹ gbogbo rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má bá wa yan èyí tó dùn mọ́ yín.