Eré Òṣèlú Kò Gbọdọ̀ Jẹ́ Eré Àìmọ̀ọ́ṣe

A ń sọ ọ́ láìfi bò fún ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Igbókọ̀dá, ní Màhín, ní Ùgbò àti ní Ayétòrò, pé eré tí àwọn olóṣèlú ń gbé kiri etí òkun ní àkókò ìbò kò yẹ ní ohun tí à ń pè ní eré. A ó pe orúkọ olóyè nígbà ogún, a ó ju fìlà sí àwọn èrò, onílù yóò lù títí apá rẹ̀ yóò fi ro ó, ó parí nìyẹn. Ẹni tí ó wá wòran kò rí nǹkan kan gbé délé bí kò ṣe fìlà náà.

Àwọn kan yóò dá wa lóhùn pé bí ọ̀rọ̀ bá ti jẹ́ òtítọ́, bí a ti ṣe é kò já mọ́ nǹkan. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Hubert Ògúndé, ọmọ Òṣosà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ẹni tí ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ nítorí eré. Ní ọdún 1950 ó gbé eré kan jáde lórí àwọn tí ń wa èédú, 21 ènìyàn, tí ọlọ́pàá yìnbọn pa ní Enugu ní 1949. Ṣùgbọ́n Yorùbá Ronú ti 1964 ni ó bá ọ̀rọ̀ wa mu jù. Ẹgbẹ́ Ọmọ Ọlọ́fin ni ó pè é pé kí ó wá dá wọn lára yá, Olóyè S. L. Akíntọ́lá, Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, wà níbẹ̀. Ògúndé kò dárúkọ olóṣèlú kankan. Ọba kan ni ó fi hàn, tí igbákejì rẹ̀ dà, tí a sì sọ sẹ́wọ̀n. Ọdún náà gan-an ni Olóyè Awólọ́wọ̀ wà lẹ́wọ̀n! Akíntọ́lá dìde, ó jáde. Ìjọba rẹ̀ fi òfin de Ògúndé ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn, ìdè náà kò sì tú títí ìjọba ológun Fájuyì fi dé ní 1966.

Àwọn ìwé ìròyìn ti sọ ọ̀rọ̀ kan náà tipẹ́. Orin ni ó ká wọn lára, orin tí ẹni tí kò mọ̀wé lè kọ lọ sóko, àti ìtàn tí a fi pa òwe tí olúkúlùkù tú fúnra rẹ̀.

Àwọn ará Ṣáínà pẹ̀lú mọ èyí. Eré Shajiabang, tí Mao Zedong fúnra rẹ̀ fún lórúkọ ní 1964, jẹ́ ti ìjọba pátápátá. Ẹ̀yin ará omi yóò mọ ibẹ̀ dájú: àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ sá pamọ́ sínú koríko adágún, obìnrin kan tí ń ta tíì sì ń dáàbò bò wọ́n. Ẹni mẹ́ta dúró lórí ìtàgé, obìnrin náà àti ọ̀tá méjì, olúkúlùkù ń kọ èrò ọkàn rẹ̀ lórin tí àwọn méjì yòókù kò gbọ́, tíì sì wà níwájú wọn. Àwọn ènìyàn ṣì ń kọ orin yẹn títí di òní, lẹ́yìn tí àwọn tí ó fi agbára gbé e lé wọn lórí ti lọ. Láàárín 1966 sí 1976 díẹ̀ ni eré mìíràn tí ìjọba náà gbà láàyè, èyí burú. Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ ọnà ni ó ṣe Shajiabang.

Kò yẹ kí a máa kọ́ ará Ùgbò ní agbára aṣọ eré. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń sọ ìtàn Mọ́remí ní Ifẹ̀, ìko lásán ni wọ́n fi bora tí gbogbo ìlú fi sá. Ùgbò a máa sọ tirẹ̀ pé àwọn ni onílẹ̀ tí a lé. Dúró Ládiípọ̀ ti gbé Mọ́remí lé orí ìtàgé; ta ni yóò gbé ti Ùgbò?

Èyí tí ó kánjú jù ni Ayétòrò. Láti 1947 ni a ti tẹ ìlú náà dó. Nísinsìnyí òkun ń jẹ ilé àti ibojì rẹ̀, ìlérí ògiri tí yóò dá omi dúró sì ti gbó. Eré wà níbẹ̀. Kí àwọn ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa wá òṣèré tí ó mọṣẹ́, kí wọ́n fún un ní oṣù mẹ́ta, kí wọ́n má sì sọ fún un orúkọ ẹni tí yóò kì. Kí wọ́n kọ́kọ́ san owó ọkọ̀ ojú omi àwọn onílù.