Kí Wọ́n Tó Sọ Jíà Kalẹ̀, Kí Wọ́n Yẹ Kọ̀ǹpútà Rẹ̀ Wò

Láti Lekki Phase 1 títí dé Sangotedo, ẹjọ́ kan náà ni àwọn tó ń wa ọkọ̀ ọtọmátíìkì ń rò fún mẹkáníìkì wọn. Ọkọ̀ ẹnì kan ń ta bí ó bá fẹ́ bọ́ sí jíà kejì. Ti ẹlòmíràn kì í tètè gbé: ó tẹná, ẹ́ńjìnnì pariwo, ọkọ̀ kò sì kúrò lójú kan fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì. Ìdájọ́ tó sábà ń tẹ̀ lé e kò gùn: jíà ti lọ, ẹ wá owó, ká lọ Ládípọ̀.

Ìdájọ́ yẹn máa ń yá jù. Owó jíà tòkunbọ̀ láti ọjà Ládípọ̀ ní Muṣin lè gbé owó oṣù mélòó kan lọ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, owó ìsọ̀kalẹ̀ àti ìgbésókè rẹ̀ sì tún wà lọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń ṣe báyìí kò nílò jíà mìíràn rárá. Ohun tí wọ́n nílò ni kí wọ́n tún sọ́fítíwíà tó ń darí jíà wọn kọ, àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà sì ti kọ àtúnṣe ọ̀hún láti ọjọ́ pípẹ́. Àtúnṣe náà ni kò bá ọkọ̀ kọjá òkun.

Àpẹẹrẹ tó fi ẹsẹ̀ èyí múlẹ̀ jù lọ ni ti Honda. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, ilé iṣẹ́ náà pe ọkọ̀ bíi mílíọ̀nù 1.5 padà ní Amẹ́ríkà: Accord onísílíńdà 4 ti ọdún 2005 sí 2010, CR-V ti 2007 sí 2010, àti Element ti 2005 sí 2008. Wọn kò pa irin kankan dà lára wọn. Kọ̀ǹpútà jíà ni wọ́n tún ètò rẹ̀ kọ, lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ti rí i pé bí awakọ̀ bá ń yára gbé jíà láti R sí N sí D, tó sì tún ń dá a padà kíákíá, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ rì sínú ẹrẹ̀ tàbí yìnyín ṣe máa ń ṣe, bẹ́árìn kan nínú jíà lè bàjẹ́. Bí bẹ́árìn yẹn bá bàjẹ́, ẹ́ńjìnnì lè kú lójijì, tàbí kí ọkọ̀ má fẹ́ wọ P mọ́. Ètò tuntun tí wọ́n kọ sínú kọ̀ǹpútà náà ló ń gba bẹ́árìn ọ̀hún lọ́wọ́ ewu.

Yìnyín kò sí ní Ajah, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Ẹni tó bá ti wọ àwọn òpópónà inú Badore, Lángbàsà tàbí ẹ̀yìn Sangotedo nígbà òjò oṣù kẹfà mọ bí nǹkan ṣe ń rí: táyà á rì, awakọ̀ á gbé e sí R, á gbé e sí D, á tún dá a padà sí R, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò á máa tì í lẹ́yìn. Ohun tí Honda kìlọ̀ nípa rẹ̀ gan-an nìyẹn. Àwọn Accord tọ́rọ̀ kàn yìí ló sì kún ojú títì Èkó. Ti 2006 àti 2007 ni wọ́n ń pè ní Discussion Continues, ti 2008 sì ni Evil Spirit. Wọ́n gba èbúté wọlé, àwọn mìíràn gba Kùtọ̀nù, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n rà ní gbàǹjo lẹ́yìn ìjàǹbá. Ẹni tó ń ra ọkọ̀ máa ń bèèrè bóyá bọ́dì rẹ̀ mọ́ àti bóyá éè-sì ń tutù. Kì í bèèrè bóyá wọ́n ti ṣe àtúnṣe tí Honda pè é padà fún.

Ti Toyota RAV4 ọdún 2001 sí 2003 tilẹ̀ tún kọni lóminú ju ìyẹn lọ. Jíà àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí máa ń ta gan-an, títí yóò fi dà bíi pé ẹnì kan fi ọkọ̀ mìíràn gbá a lẹ́yìn. Àwọn kan ní Amẹ́ríkà ra jíà mìíràn, jíà tuntun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta, nítorí pé kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì tó ń pàṣẹ fún un ni ó ní àbùkù. Nígbà tó yá, Toyota fúnra rẹ̀ na àtìlẹ́yìn (wáráǹtì) kọ̀ǹpútà náà dé ọdún 10 tàbí máìlì 150,000. Ìròyìn yẹn ṣe pàtàkì fún ẹnikẹ́ni tó ń wa RAV4 ayé ọjọ́sí ní Ìgbó-Ẹfọ̀n tàbí Agungi: bí ó bá pààrọ̀ jíà láìyẹ kọ̀ǹpútà wò, kọ̀ǹpútà kan náà ni yóò tún máa fìyà jẹ jíà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yéni, ó dára kí a mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Nígbà tí General Motors gbé Hydra-Matic jáde fún Oldsmobile ọdún 1940, ọ́ìlì àti fáàfù nìkan ló ń darí jíà ọtọmátíìkì náà. Lóde òní, kọ̀ǹpútà ló ń pàṣẹ. Sẹ́ńsọ̀ ń sọ fún un bí ọkọ̀ ṣe ń sáré sí, bí ẹsẹ̀ awakọ̀ ṣe tẹ̀ tó, àti bí ọ́ìlì jíà ṣe gbóná tó. Òun á sì pàṣẹ fún àwọn solenoid, ìyẹn àwọn fáàfù oníná, pé kí wọ́n ṣí ọ̀nà fún ọ́ìlì, kí ọ́ìlì fún kílọ́ọ̀ṣì kan pọ̀, kí ó sì tú òmíràn sílẹ̀. Bí kílọ́ọ̀ṣì kejì bá pẹ́ kí ó tó mú, ẹ́ńjìnnì á ké lásán. Bí agbára ọ́ìlì bá pọ̀ jù, ọkọ̀ á ta. Irin lè pé pérépéré kí àṣẹ má pé.

Ojú títì Lekki sí Ẹpẹ́ tún ń dá kún un. Láti ìgbà tí ìjọba Akinwunmi Ambode, gómìnà Èkó tẹ́lẹ̀, ti tú àwọn rándábáòtù orí títì náà ká, tí iná tó ń darí ọkọ̀ rọ́pò wọn, dídúró àti ṣíṣí kò tíì kúrò níbẹ̀. Láàárín Jakande àti Ajah nírọ̀lẹ́, ọkọ̀ lè wà láàárín jíà kìíní àti ìkejì fún wákàtí kan gbáko nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, pẹ̀lú oòrùn àti éè-sì. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà jíà ni wọ́n ṣe láti máa kọ́ ìwà ẹni tó ń wa ọkọ̀, kí wọ́n sì máa tún àṣẹ wọn ṣe díẹ̀díẹ̀ bí kílọ́ọ̀ṣì ṣe ń jẹ. Ohun tí kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ́wọ́ olówó ọkọ̀ àkọ́kọ́ lórí títì gbalasa ní Texas lè wà nínú rẹ̀ síbẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ dé VGC. Síkánà tó péye lè pa ìrántí yẹn rẹ́, kí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tuntun. Lára àwọn ọkọ̀ kan, yíyọ bátìrì nìkan ti tó láti ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyí tí jíà fi máa ń ta fún ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí rẹ́wáyà bá pààrọ̀ bátìrì. Ẹni tí kò bá mọ èyí á ní rẹ́wáyà ló ba jíà òun jẹ́.

Ìjáfáfá jíà kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí lásán. Ẹni tó ń yí padà ní U-turn kí ó tó bọ́ sí títì ńlá, tí dánfó sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú eré, nílò kí ọkọ̀ gbé lójú ẹsẹ̀. Ìdádúró ìṣẹ́jú àáyá méjì lè di ẹ̀mí. Camry 2007, tí Èkó ń pè ní Muscle, wà lára àwọn ọkọ̀ tí irú ẹ̀sùn yìí pọ̀ lórí wọn ní Amẹ́ríkà, pàápàá oní-V6 tó ní jíà 6, Toyota sì fún àwọn oníṣòwò rẹ̀ ní ìtọ́nisọ́nà láti tún ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ kọ. Nissan náà kọ ètò tuntun fún CVT, irú jíà tí kò ní ìpele, ti Pathfinder ọdún 2013 àti 2014 nítorí gbígbọ̀n, ó sì na àtìlẹ́yìn jíà náà dé oṣù 84 tàbí máìlì 84,000.

Àwọn mẹkáníìkì tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní èsì kan, èsì náà sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní sọ́fítíwíà kò lè fi ẹran sí kílọ́ọ̀ṣì tó ti jẹ tán. Òótọ́ ni. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ mìíràn tilẹ̀ máa ń fi sọ́fítíwíà bo àbùkù irin mọ́lẹ̀. Ford ta Fiesta, Focus àti EcoSport oní-PowerShift, jíà kan tó ń gbọ̀n, tó sì ń pẹ́ kí ó tó gbé. Àtúnṣe sọ́fítíwíà pọ̀ lórí rẹ̀, síbẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò yéé dá wàhálà sílẹ̀. Ní Ọsirélíà, Ford ń sọ fún oníbàárà pé ọ̀nà tí ó ń gbà wa ọkọ̀ ló fà á. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ níbẹ̀ bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 dọ́là Ọsirélíà lé Ford lórí nítorí ìwà yẹn.

Ẹjọ́ Ford kò sọ pé kí a má yẹ sọ́fítíwíà wò. Ohun tó fi hàn ni pé yíyẹ̀wò ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, yálà irin ni yóò jẹ̀bi nígbẹ̀yìn tàbí ètò kọ̀ǹpútà. Ọ́ìlì jíà sì wà lára ohun tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò. Ọ̀pọ̀ Toyota òde òní ń lo ọ́ìlì tí wọ́n ń pè ní WS. Ẹni tó bá rọ ọ́ìlì pupa èyíkéyìí sínú rẹ̀ ti yí bí kílọ́ọ̀ṣì ṣe ń mú padà, kò sì sí kọ̀ǹpútà tó lè tún ìyẹn ṣe. Ti omi náà tún wà. Àgbàrá òjò oṣù keje ọdún 2017 wọ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní Lekki, lára àwọn ọkọ̀ kan sì rèé, orí jíà gan-an ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà. Bí ìpata bá ti mú ibi tí wáyà ti so pọ̀, wáyà ni kí wọ́n tọ́jú kí ẹnikẹ́ni tó ṣí láptọ́ọ̀pù.

Ẹ̀wẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní síkánà ló lè ṣe iṣẹ́ yìí. Èyí tó kéré, tí wọ́n ń tà ní Computer Village ní Ìkẹjà, tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀, kódù àṣìṣe ló lè kà, kò lè tún ètò kọ. Àtúnkọ ètò nílò ẹ̀rọ tó bá ìlànà J2534 mu, tàbí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀, pẹ̀lú fáìlì tó ti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ náà wá. Fáìlì ọkọ̀ Yúróòpù kò gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ Amẹ́ríkà. Iná bátìrì kò sì gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ rárá nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ, torí bí iná bá já láàárín, kọ̀ǹpútà náà lè kú pátápátá. Nínú ìlú tí iná ìjọba ń lọ láìdágbére, ṣọ́ọ̀bù tí kò ní ohun tó ń gbé agbára bátìrì dúró kò yẹ kó fọwọ́ kan iṣẹ́ náà.

Nítorí náà, ẹ̀bi náà kì í ṣe ti mẹkáníìkì abẹ́ igi nìkan. Ní 2020, UNEP, àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tó ń rí sí àyíká, ròyìn pé mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù kéékèèké ni Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Jàpáànì tà sí òkèèrè láàárín 2015 sí 2018, Áfíríkà ló sì gba èyí tó pọ̀ jù. Kò sí bí orílẹ̀-èdè tó ń gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀ yóò ṣe fi ọ̀rọ̀ ìpèpadà sílẹ̀ fún orí olúkúlùkù. Àjọ FCCPC, tí òfin ọdún 2018 gbé kalẹ̀ láti dáàbò bo oníbàárà, lè pa á láṣẹ pé kí oníṣòwò tòkunbọ̀ fi èsì ìpèpadà ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan han ẹni tó fẹ́ rà á. Àjọ NADDC, tí ètò ọkọ̀ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, àti ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì, NATA, lè kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ ní kíka ètò kọ̀ǹpútà jíà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn ní títú nọ́ọ̀tì. Àwọn aṣojú ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù lórí títì Lekki sí Ẹpẹ́ sì yẹ kí wọ́n gba tòkunbọ̀ mọ́ra fún àtúnṣe sọ́fítíwíà, ní iye tí ará Ajah lè san. Ọkọ̀ tó lè dákú láàárín títì kò mọ ẹni tó rà á ní tuntun yàtọ̀ sí ẹni tó rà á ní gbàǹjo.

Kí ìjọba tó dìde, ọ̀nà kan ti ṣí sílẹ̀. Ara dáṣíbọ́ọ̀dù, lábẹ́ gíláàsì iwájú lápá ọ̀dọ̀ awakọ̀, ni nọ́ńbà ṣáṣì wà, lẹ́tà àti fígọ̀ 17. NHTSA, àjọ ààbò ojú pópó Amẹ́ríkà, ní ibì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè tẹ nọ́ńbà yẹn sí láti rí ìpèpadà tí wọn kò tíì ṣe. Honda àti Toyota náà ní tiwọn. Ẹni tó ń wa Accord, CR-V tàbí Element àwọn ọdún wọ̀nyẹn ní Lekki tàbí Ajah, kí ó jọ̀wọ́ ṣe ìbéèrè yìí kí ó tó kó owó fún ẹnikẹ́ni ní Ládípọ̀. Kò ní ná an ní kọ́bọ̀.