Ẹni Tí Ó Ra Irọ́ Náà Ńkọ́?

Àwọn ọ̀mọ̀wé a máa sọ pé òpè nìkan ni irọ́ ìṣèlú ń tàn jẹ. Àṣìṣe gbáà ni. Ta ni kò kàwé nínú àwọn tí ó ń fi ìròyìn ránṣẹ́ láti ilé ńláńlá tí ó wà ní ojú ọ̀nà Lekki títí dé Ajah, ní oṣù kẹwàá ọdún 2020?

Ní alẹ́ ọjọ́ 20 oṣù náà, àwọn ọmọ ogun yìnbọn ní tóògéètì Lekki, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi ẹ̀hónú hàn sí ọlọ́pàá SARS. Àwọn ológun kọ́kọ́ kéde pé irọ́ ni. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni wọ́n gbà pé àwọn lọ síbẹ̀, wọ́n ní ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó pe àwọn. Ní oṣù kọkànlá, ọ̀gágun Ahmed Ibrahim Taiwo sọ níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí Adájọ́ Doris Okuwobi pé àti ọta gidi àti èyí tí kì í pani ni wọ́n kó dání. Ẹni tí wọ́n ti ṣe báyìí purọ́ fún, ǹjẹ́ yóò tún gba ìjọba gbọ́ ní ọjọ́ tí ó bá sọ òótọ́? Kíá ni àwòrán òkú tí wọ́n ti yà ní ibòmíràn, ní ìgbà mìíràn, gba orí fóònù kan.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bi náà kò mọ sọ́dọ̀ ìjọba. Nígbà tí wọ́n dáná sun ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n TVC tí wọ́n sì ya wọ ààfin Ọba Èkó ní ọjọ́ 21, ọ̀rọ̀ ń jà ràn-ìn pé àwọn ọmọ Ìgbò ni ó wá jó Èkó run. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní kí ológun mú ẹ̀rí wá gba èyí láìbèèrè ẹ̀rí kankan. Ẹni tí ó ti ń bínú sí aládùúgbò rẹ̀ nítorí ṣọ́ọ̀bù ọjà, irú irọ́ bẹ́ẹ̀ ń gbè é lẹ́yìn ni. Kí ni yóò wádìí?

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nígbà ogun abẹ́lé. Ìjọba àpapọ̀ pe ogun tí ó gbà ju ọdún méjì ààbọ̀ lọ ní iṣẹ́ ọlọ́pàá lásán. Àwọn Biafra ní tiwọn ń pariwo fún ayé pé jìháàdì ni Mùsùlùmí ń bá Kristẹni jà, bẹ́ẹ̀ Kristẹni ni Gowon tí ó ń darí ogun náà! Ọ̀rọ̀ tí ìbéèrè kan ṣoṣo lè tú ni, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ní Yúróòpù gbé e mì.

Àṣẹ ìwádìí tí ó wà nínú Súúrà Hujuráátì, àwọn onígbàgbọ́ ni ó bá wí, kì í ṣe òpè. Síbẹ̀, bí wọ́n bá fi han ọ̀dọ́ kan ní Ajah pé irọ́ ni ohun tí ó fi ránṣẹ́, èsì rẹ̀ ni pé, “Wọ́n lè ṣe é náà.”