Ifá nìkan kò lè gba èdè là



Ọkùnrin kan wá dífá lọ́dọ̀ mi láìpẹ́ yìí, nítòsí Apple Junction. Ará Ugbodu ni, ní ìpínlẹ̀ Delta. Bó ṣe ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mò ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀ bíi Yorùbá. Olùkùmi ni èdè náà. Ìgbò ló yí Ugbodu àti Ukwu-Nzu ká, síbẹ̀ wọn ò jẹ́ kó bọ́ lẹ́nu wọn pátápátá. Ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀rù ń ba òun, torí àwọn ọmọ òun tó wà l'Ékòó ò gbọ́ ọ.

Orúkọ tó jọ ọ́, Lucumí, ni wọ́n ń pe àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà. Títí dòní ni wọ́n fi ń kọrin òrìṣà níbẹ̀, tí wọ́n fi ń júbà. Ṣùgbọ́n èdè Sípéènì ni wọ́n fi ń pe ọmọ wá jẹun. Mi ò bú wọn. Abẹ́ pàṣán ni wọ́n ti pa á mọ́. Àwa tí ẹnikẹ́ni ò na pàṣán sí ńkọ́?

Ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, mọ ojú odù mẹ́rìndínlógún lórí. Bí mo bá ní kó bu omi wá, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn. Èmi ni mo jẹ̀bi. Mo kọ́ ọ ní Ifá, mi ò bá a tàkúrọ̀sọ. Ní Festac tí wọ́n kọ́ fún àlejò àjọ̀dún àṣà aláwọ̀ dúdú ọdún 1977 la sì wà o!

Àwọn awo kan ní bí Ifá bá ṣì wà, Yorùbá ò lè kú. Mi ò gbà. Bí babaláwo bá ń kífá, ẹni tó wá dífá ló ń tẹ́tí títí yóò fi gbọ́ ẹsẹ tó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Bí kò bá gbédè, ta ni à ń kì í fún? Ìjọba Èkó ṣòfin ní 2018 pé kí wọ́n máa kọ́ ọmọ ní Yorùbá nílé ìwé. Ó dára, ṣùgbọ́n òfin ò lè bá wa sọ̀rọ̀ ní ilé ìdáná.

Ẹ̀yin awo ẹlẹgbẹ́ mi, kí ẹ tó kọ́ ọmọ ní ẹsẹ, ẹ fi Yorùbá rán an níṣẹ́, ẹ fi bá a jà, ẹ fi bá a ṣeré. Láti òní lọ, ẹni tó bá fẹ́ jẹun nílé mi, Yorùbá ni yóò fi tọrọ rẹ̀.